Orúkọ Tí Esi Pè Nínú Igbó

Ọjọ́ Àìkú, a ti ti ìlú Aburi dé.

Ẹsẹ̀ ń ro mí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Esi ló ń dùn mí jù.

Àná, nígbà tí ẹgbẹ́ wa tí a jọ máa ń fẹsẹ̀ rìn ń lọ, Esi béèrè orúkọ tí wọ́n ń pè mí nílé. Nítorí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjà Okaishie, "Màdáàmù" ni gbogbo wọn mọ̀. Mo ní Àníkẹ́ ni. Ìyá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ kó tó kú.

Láàárọ̀ yìí, mo ti síwájú wọn nínú igbó nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́yìn: "Àníkẹ́!" Ẹ̀ẹ̀mẹta. Mo wẹ̀yìn, mi ò rí ẹnì kankan. Láti kékeré ni ìyá mi ti kìlọ̀ pé mi ò gbọdọ̀ jẹ́ ìpè ẹni tí mi ò rí nínú igbó. Ṣe ni mo yára sí i.

Àṣé Esi ló ṣubú, tó fi ẹsẹ̀ rọ́. Àwọn ará ẹ̀yìn ló wá gbé e.

Mo ní, "Kosɛ, pẹ̀lẹ́, Esi, mo rò pé..." Twi, èdè àwọn Esi, tí mo ti ń sọ látìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa fi parí ẹ̀.

Ó ní, "Mo rò pé orúkọ ilé yẹn lo máa tètè dáhùn."

Nígbà tí à ń bọ̀, òùngbẹ gbẹ ẹ́. Ó nawọ́ sí mi: "Màdáàmù, jọ̀ọ́, omi."