Ojú Ìwé Tó Kẹ́yìn

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ara líle àti ọkàn tó balẹ̀. Èmi náà wà láàyè. Ẹ̀yìn tó ń dùn mí nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n inú mi kò tíì rọ̀, mi ò sì ní purọ́ fún ọ.

O ti gbọ́ pé Atukọ̀, bí gbogbo wa ṣe ń pe ọkọ mi, ti fi mí sílẹ̀. Ohun tí o kò tíì gbọ́ ni pé èmi gan-an ni mo rán aṣọ ìgbéyàwó ìyàwó tuntun rẹ̀. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù bí oníbàárà. Mo fi téèpù wọn àyà rẹ̀, mo wọn ìbàdí rẹ̀, mo tún ṣàdúrà kí ilé rẹ̀ tòrò. Ó ní, "Àmín, ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí ọwọ́ tó dà bíi tiyín." Èmi kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òun mọ̀ mí, ó sì mọ ọkọ ẹni tó fẹ́ fẹ́. Kó lè rí mi fi rẹ́rìn-ín ló ṣe wá.

Lẹ́yìn ìgbéyàwó ni ọkọ mi ránṣẹ́ pé kí n kó ìwé òun wá, pé ohun yòókù nínú ilé kò já mọ́ nǹkan. Ṣé èmi náà wà lára ohun yòókù? Ìtàn àti ewì àwọn ará Gíríìsì òde òní ni àwọn ìwé náà, tí wọ́n túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, tó ń rà ní èbúté, tó ń fi ṣe fáàrí níwájú àlejò. Mo gbé wọn lọ sẹ́yìnkùlé, mo mú kẹrosíìnì dání. Mo ní kí n kọ́kọ́ wo ohun tí mo fẹ́ sun.

Ewì ni mo ṣí. Mo ti rò pé ewì gbọ́dọ̀ dún bí orin kó sì yin ẹnì kan. Èyí kò yin ẹnikẹ́ni. Obìnrin kan ló ń bá òkun wí pé ó jẹ ọmọ òun tán, ó tún ń fi iyọ̀ ránṣẹ́ sínú ọbẹ̀ òun. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé èèyàn lè bínú kó má pariwo.

Mo kó gbogbo rẹ̀ wọlé. Àwọn ìtàn náà kọ́kọ́ ni mí lára. Orúkọ inú wọn gùn bí okùn, mo sì ń ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mọ ẹni tó kú. Erékùṣù, ogun, àwọn tí wọ́n lé kúrò nílé bàbá wọn. Nígbà tó yá, bí oníbàárà bá wọlé, inú á bí mi pé ó dá ìwé dúró mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo fi ewì pamọ́ fún ara mi. Ní ti ìtàn, bí mo bá ti ka ọ̀kan tán, mo fi àlùmọ́gàjí gé ojú ìwé tó kẹ́yìn, mo fi ìyókù ránṣẹ́ sí Atukọ̀. Kó máa kàwé, kó má mọ ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Àṣé ọkùnrin náà kò ka ìkankan rí! Ìyàwó tuntun ló ń kà á. Òun ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ojú rẹ̀ wú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, obìnrin inú ìwé yẹn, tó gbọ́ pé ọkọ òun ní ilé mìíràn ní èbúté kejì, kí ló ṣe nígbẹ̀yìn?" Mo ní èmi kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé Atukọ̀ ti tún rí ẹlòmíràn.

Nínú ìwé náà, obìnrin yẹn dárí ji ọkọ rẹ̀, wọ́n sì jọ darúgbó. Mo wo ọmọ náà lójú kòrókòró. Mo ní, "Ó kó gbogbo ohun tó wà nínú ilé, títí kan aṣọ fèrèsé, ó sì lọ. Kò bojú wẹ̀yìn." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Kò pẹ́ tí Atukọ̀ fi dé ẹnu ọ̀nà mi, ó rù, bọ́tìnnì ti já lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ní ilé òun ti ṣófo, aṣọ fèrèsé pàápàá kò kù. Ó ní, "Kí lo sọ fún ìyàwó mi?" Mo ní, "Ìwé ni mo kà fún un." Mo ti ilẹ̀kùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti sun irú oorun tí mo sùn lọ́jọ́ náà.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ́ ṣe ẹlẹ́yà, ojú ọ̀nà ni yóò ti padà.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ,
Télọ̀.

Àfikún: Bí o bá rí ẹni tó lè kọ́ mi ní èdè Gíríìkì gan-an, tètè sọ fún mi. Wọ́n ní nǹkan máa ń bọ́ sọ́nù nínú ewì bí wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀, èmi kò sì fẹ́ kí ìbínú kankan bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.