Ọkọ̀ Pupa àti Àbúrò Rẹ̀

Bàbá mi, Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti ìlú Lómè níhìn-ín. Ẹ kú àìgbúròó mi, ẹ kú ọkàn tí kò balẹ̀. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Àdùkẹ́ àti ọkọ rẹ̀. Mo kí Ìyá Àgbà, mo sì mọ̀ pé wọ́n á ní kí ẹni tó ń ka ìwé yìí tún un kà, nítorí wọn kì í gbọ́ nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo kí gbogbo agboolé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, tọmọdé tàgbà.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ kò ṣiṣẹ́ níbí mọ́. Ẹnìkan tó ń lọ sí Ìbàdàn ló bá mi mú ìwé yìí lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún àwọn oníwèé ìròyìn Yorùbá kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ó lè tètè tẹ̀ yín lọ́wọ́, kí àwọn mìíràn tó ní ọmọ ní Lómè sì mọ̀ pé a ṣì wà láàyè. Tí ẹ bá rí i pé gbogbo ayé ti ka ọ̀rọ̀ ilé wa kí ẹ tó kà á, ẹ má bínú sí mi.

Ẹ ti gbọ́ lórí rédíò pé Lómè dàrú. Òótọ́ ni. Àwọn ará ìlú ní ìjọba tí àwọn fúnra àwọn yàn làwọn ń fẹ́, wọ́n sì da iṣẹ́ sílẹ̀. Báńkì tì, ilé ẹ̀kọ́ tì, èbúté náà ò ṣiṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Djidjolé, níbi tí mo ti ń rán ìjókòó ọkọ̀, mo ti tì í, nítorí ta ló fẹ́ tún ìjókòó ọkọ̀ rán nígbà tí kò mọ ibi tí yóò wà á lọ? Ọyẹ́ tún dé, ètè wa ń sán. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ń jọ́sìn ní Aflao-Gakli ti gba ilé lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí a ń kọrin, ohùn tèmi nìkan ni mo ń gbọ́ níhà ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin, ẹ sì mọ irú ohùn tí Ọlọ́run fún mi.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlú kọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Bàbá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ dá ẹjọ́ rẹ̀, nítorí ọkọ̀ wíwà ni ẹ fi tọ́ wa.

Ẹ rántí ọkọ̀ pupa tí mo kọ̀wé sí yín nípa rẹ̀, ọkọ̀ eré onílẹ̀kùn méjì tí àwọn ará Japan ṣe, tí ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Òyìnbó Faransé kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló tà á fún mi. Nígbà náà, ìjókòó rẹ̀ ti fàya, inú rẹ̀ ń rùn fún sìgá. Èmi fúnra mi ni mo tú gbogbo ìjókòó náà, mo fi awọ dúdú rán an, mo sì fi òwú pupa gbá a létí yí ká. Tí mo bá tan iná rẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì á dìde láti inú bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Àwọn ọmọ àdúgbò a sì máa bẹ̀ mí pé kí n tún un ṣe, èmi náà á tún un ṣe, nítorí ó wù mí ju tiwọn lọ.

Ó ní ìjókòó ẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá wọ ibẹ̀ á ká orúnkún mọ́ àyà. Ọkọ̀ yìí ni mo fi ń gbé Ìyá Ìjọ wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Àwọn ni wọ́n ń jókòó níwájú, àwọn ìyá méjì mìíràn á há sẹ́yìn, wọn á sì máa bú mi títí a ó fi dé, pé irú ọkọ̀ wo lèyí tí èèyàn ń wọ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò. Kí n wá gbàgbé àtigbé wọn lọ́jọ́ kan, ìgbà náà lẹ ó gbọ́ ẹkún. Ẹ̀yin náà ti ní kí n gbé e wálé, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ jókòó nínú rẹ̀ lọ sí ìdúpẹ́ ọdún, mo sì ti ṣèlérí.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń jẹ́ Kójó, ọmọ bíbí ìlú yìí, akọ̀wé ni ní èbúté. Òun ló ní àbúrò ọkọ̀ mi. Àbúrò ni mo pè é nítorí ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì, èyí sì ni wọ́n gbé jáde tẹ̀lé tèmi. Bàbá, mi ò lè ròyìn ọkọ̀ yẹn tán. Dúdú ni, ó ń dán débi pé tí ẹ bá rẹ́rìn-ín sí i, ẹ ó rí eyín ara yín. Kò ní igun kankan, gbogbo ara rẹ̀ ń yọ̀ bí òkúta inú odò. Kójó jẹ́ kí n wà á ní òpópónà etí òkun. Ìyanṣẹ́lódì ti lé gbogbo ọkọ̀ kúrò lójú títì, èmi àti àwọn igi àgbọn nìkan la wà níbẹ̀. Mo kàn fi ẹsẹ̀ tọ́ ọ díẹ̀ ni o! Ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ ìjókòó, mo sì bú sẹ́rìn-ín, èmi nìkan nínú ọkọ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí ọ̀nà ti yà, kò fì, kò mì. Mo fọwọ́ pa ojú rírán ìjókòó rẹ̀ kí n lè rí nǹkan bú, mi ò rí. Iṣẹ́ àwọn èèyàn yẹn ga o, ẹ jẹ́ ká máa sọ òótọ́.

Àlébù kan ṣoṣo ló ní: èèyàn méjì péré ló ń gbà. Kò ní ìjókòó ẹ̀yìn rárá.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ìlú túbọ̀ gbóná ni Kójó wá bá mi, ó ní ká ṣe pàṣípààrọ̀, kí n mú tirẹ̀, kí òun mú tèmi. Kò béèrè àfikún kankan. Ẹ rò ó wò ná, ẹni tó ní tuntun ló ní kí n fún òun ní ògbólógbòó.

Ẹ mọ ọmọ tí ẹ bí. Èmi kì í gba ọjà láìná an, kódà bí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ. Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kó fi táyà tuntun kan kún un. Ó ní dakọ́ọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń sọ pé àwọn gbà níbí nìyẹn. Mo ní kó fi rédíò tó wà ní pálọ̀ rẹ̀ ṣe ènì fún mi. Ó ní dakọ́ọ̀. Mo ní òun ni yóò sá gbogbo eré ìwé ọkọ̀. Ó tún ní dakọ́ọ̀. Bí mo ṣe ń béèrè ni ẹ̀rù ń bà mí sí i. Bàbá, níbo lẹ ti rí i rí kí olọ́jà má jiyàn? Nílé wa, ẹni tí kò bá bá ọ ná ọjà, àfi kí ọjà rẹ̀ jẹ́ ti olè, tàbí kó ti bàjẹ́ níkọ̀kọ̀, tàbí kí ẹnìkan ti kú sínú rẹ̀. Mo ní kó fún mi láyè kí n rò ó.

Mo pe Ràímì, mẹkáníìkì ọmọ Ìlọrin tó wà ní ìdojúkọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ náà, ó pẹ́ níbẹ̀, nígbà tó jáde, ó ní tí mi ò bá fẹ́ ẹ, kí n jọ̀wọ́ fi ọ̀nà ilé Kójó han òun. Ìyẹn ò tíì tó mi. Mo ń wá àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Kójó ń fi ọkọ̀ náà wá lójoojúmọ́ láti béèrè bóyá mo ti pinnu, ojú rẹ̀ ń pọ́n sí i, kò sì sọ ohun tó ń ṣe é. Dáàda Afí, ìyá onílé mi, ló wá pè mí jókòó. Ó ní àwa ará Nàìjíríà, a mọ ọjà á yẹ̀ wò, àmọ́ a kì í yẹ olọ́jà wò. Ó béèrè bóyá mo tiẹ̀ ti dé ilé ọkùnrin náà láti ìgbà tí wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì débẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbọ́ ìró ìbọn lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà tó rọlẹ̀, títì ti kún fún àwọn èèyàn tó ru mátíréẹ̀sì, ìkòkò, adìẹ àti ọmọ, tí wọ́n ń lọ sí ẹnubodè. Mo wa ọkọ̀ mi gba àdúgbò Adewui lọ sílé Kójó. Ìyá rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, wọ́n gbé e jókòó sórí àga, wọ́n fi ìró dè é mọ́ ọn kó má baà ṣubú. Àrùn ẹ̀gbà ti mú apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ìyàwó Kójó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ wọn méjì jókòó sórí ẹrù tí wọ́n ti dì. Ọkọ̀ dúdú ẹlẹ́wà yẹn wà lẹ́nu ọ̀nà, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn ìyàwó náà ní Grand-Popo, lẹ́yìn ẹnubodè Benin, ni wọ́n fẹ́ sá lọ. Mọ́tò tó ń lọ síbẹ̀ ti kún àkúnya, àwọn onímọ́tò kò sì gba ẹni tí kò lè dá jókòó. Kójó lè fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ìyá rẹ̀ lọ kó sì padà wá gbé àwọn tó kù, àmọ́ ta ló mọ̀ bóyá ọ̀nà á ṣì là nígbà tó bá ń padà bọ̀? Kójó ní òun ò ní yan ẹni tí òun máa fi sílẹ̀ nínú ilé òun.

Mo bi Kójó léèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, ẹ̀bẹ̀ ló máa dà, èmi ò sì ní lè kọ̀. Ìyá òun ló kọ́ òun pé tí èèyàn bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkejì, kó mú èyí tó dára jù ú lọ dání. Mo ní kó kúkú gbé ọkọ̀ mi lọ ná, kó dá a padà tí ìlú bá rọ̀. Ó kọ̀. Ó ní òun ò mọ ìgbà tí òun máa padà, oorun ò sì ní kun òun nígbà tí òun bá gbé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kọjá ẹnubodè.

Ojú tì mí. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń wá àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀, ìyá àgbàlagbà kan ń bẹ lórí àga. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́. Mo ní kó mú rédíò rẹ̀ àti táyà rẹ̀ dání, mo sì fi kẹ́ẹ̀gì epo tí mo ti fi pamọ́ ṣe ènì fún un. A gbé màmá síwájú, mo dẹ ìjókòó náà sẹ́yìn, mo fi ìrọ̀rí tì í lọ́tùn-ún lósì. Ìyàwó àti àwọn ọmọ ká ara wọn sẹ́yìn. Ọwọ́ tó ṣì le ni màmá fi di ọwọ́ mi mú, ó ní akpé, akpé, bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ níbí, kò sì fẹ́ fi mí sílẹ̀. Kójó ṣáná sí ọkọ̀, ó lọ. Bàbá, kò bojú wẹ̀yìn wo ọkọ̀ dúdú yẹn lẹ́ẹ̀kan. Mo ti mọ ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkọ̀, èmi náà wà nínú wọn, àmọ́ mi ò tíì rí irú ọkùnrin báyìí rí. Oníṣòwò kan tó ti Kùtọnu dé ti sọ fún mi pé gbogbo wọn dé láyọ̀.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ dá nìyẹn, bóyá ohun tó tọ́ ni mo ṣe. Àwọn ìyá ìjọ méjì tó ń jókòó sẹ́yìn ti dá tiwọn: wọ́n ní ọkọ̀ onímọ̀tara-ẹni-nìkan ni mo gbà, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìbínú.

Tí ọ̀nà bá là, màá wà á wálé. Ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ẹ tó rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì kò ní lè jọ wọ̀ ọ́ lọ sí ìdúpẹ́ mọ́, mo sì ti rò ó dáadáa. Bàbá, ní gbogbo ọdún tí ẹ fi wa bọ́lẹ̀kájà, ẹni tó bá sanwó dáadáa ló ń jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ìyá mi, tó bá bá yín lọ, ẹ̀yìn ló ń wà, láàárín àpò èlùbọ́, tòun ti ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò ráhùn rí, ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀, èmi ni ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ dárí jì mí, àga kan tó kù nínú ọkọ̀ mi, Ìyá mi ni mo fi fún. Ẹ̀yin, ẹ máa fẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, màá rọra wà á.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ bá mi kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ẹkún pàdé. Kí ó fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí ẹ̀yin méjèèjì, kí ó mú inú Ìyá mi dùn, kí ó sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín máa le sí i, Bàbá, títí di ọjọ́ náà.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìṣọ̀lá