Díráìfù Tí Kò Jẹ́ Ìpè

                                                                Ojúlé Kẹtàlá,
                                                                Bódìjà Tuntun,
                                                                Ìbàdàn.
                                                                Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kejì, 1999.

Ìdrís, àbúrò mi tí mo ń rántí lójoojúmọ́,

Báwo ni òtútù Leeds? Ṣé ẹ tilẹ̀ ń rí oòrùn? Ìyàwó wa Safiyyah ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti bọ̀ sípò? Bá mi kí i kú ewu ọmọ, kí o sì tún kí i kú ọwọ́ lómi. Muslimah Àbẹ̀ḿbí kékeré ńkọ́, ṣé ó ti ń sùn lóru, àbí ó ṣì ń sọ ìwọ àti ìyá rẹ̀ di ọdẹ? Àwọn ọmọ tèmi wà dáadáa, wọ́n ń kí yín. Èmi náà wà, mo dúpẹ́.

Àdírẹ́sì ilé ni mo kọ sókè yẹn, ṣùgbọ́n orí bẹ́ǹṣì nílé ìwòsàn ni mo ti ń kọ ọ́. Wọ́n ti gbé Bàbá wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo ti jókòó, mo ti dìde, mo ti ka ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri títí ó fi sú mi. Nọ́ọ̀sì kan ní kí n lọ jẹun. Mo ní mo ti jẹun. N kò jẹ nǹkan kan. Mo mú bébà kí ọwọ́ mi lè rí iṣẹ́ ṣe, kí n sì ròyìn síídì tí o fi rán Adéṣọlá sí wa fún ọ.

Bí mo ṣe ṣàlàyé fún ọ lórí fóònù, omi tó wà nínú ẹyinjú Bàbá ni kò rọ́nà jáde dáadáa. Ó ń ti iṣan ìríran láti inú, èyí tó bá sì ti kú nínú iṣan náà kò ní jí mọ́. Báyìí, Bàbá ń wo ayé bí ẹni ń yọjú wo yàrá láti ihò kọ́kọ́rọ́. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ yìí kò lè dá èyí tó ti lọ padà, ó kàn fẹ́ di èyí tó kù mú ni. Ó sì fi òótọ́ kún un pé nígbà mìíràn, èyí tó kù náà lè bá a lọ. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n ní, “Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ọmọ Ìdrís ná.”

O rántí ihò bíńtín tó wà níwájú etí òsì Màmá wa olóògbé, tí a máa ń fi ìka wá kiri bí wọ́n bá gbé wa lẹ́sẹ̀. Láti ìgbà tí o ti sọ pé ọmọ náà ní in, létí òsì kan náà, Bàbá kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Wọ́n gbà ọ́ gbọ́ o. Wọ́n kàn fẹ́ fi ojú ara wọn rí i nígbà tí ojú náà ṣì wà.

Fọ́tò kan tí o fi há inú ìwé rẹ kéré jù fún wọn. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà, wọ́n dá a padà fún mi. “Mo rí aṣọ funfun. Ọmọ dà?” Nítorí náà, làákàyè ni o lò tí o kó àwọn àwòrán yòókù sínú síídì, torí lórí kọ̀ǹpútà mo lè fẹ etí nìkan títí yóò fi tó àwo ìjẹun. Ohun tí mo sọ fún Bàbá ní Sátidé nìyẹn. Wọ́n gbé àga wọn wá sẹ́yìn mi, wọ́n jókòó, wọ́n mú tẹ̀sùbáà dání.

O mọ kọ̀ǹpútà mi, èyí tí mo rà lọ́wọ́ olùkọ́ ará Íńdíà tó ń padà sílùú rẹ̀. Ó ti dàgbà. Mo ti síídì náà sínú díráìfù, ìyẹn àpótí pẹlẹbẹ tó máa ń gbé àwo mì. Ó gbé e mì. Iná aláwọ̀ ewé tàn níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo inú kọ̀ǹpútà, kò sí ibi kan tó ti dárúkọ díráìfù. Àfi bíi pé a kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nílé.

“Ṣé ó ti dé?” Bàbá bèèrè.

“Kò tíì dé, Bàbá.”

“Kí ló ń ṣe lọ́nà?”

Jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ìwọ lọ́yà. Tí kọ̀ǹpútà bá jí, ó máa ń pe orúkọ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí tíṣà ṣe ń pe rẹ́jísítà. Èyí tó bá dáhùn, á fún un ní lẹ́tà ábídí kan tí a ó fi máa pè é. Èyí tí kò bá dáhùn, kò wá sílé ìwé lójú tirẹ̀, ì báà jókòó sí iwájú gan-an. Iná tó ń tàn kì í ṣe ìdáhùn. Wáyà kan ló ń gbé iná wá fún díráìfù, wáyà mìíràn, tó fẹ̀ tó sì pẹlẹbẹ, ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé e bọ̀. Díráìfù wa ń rí iná gbà. Ọ̀rọ̀ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rọ àyẹ̀wò ni mò ń tún ṣe ní yunifásítì, o sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ́ mi ní Glasgow ni pé kí n máa yí nǹkan kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí n wo ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, kí n tó fọwọ́ kan òmíràn. Ìlànà yẹn dára tí ara bá balẹ̀. Nígbà tí bàbá ẹni jókòó sẹ́yìn ẹni tó ń mí, tí a sì mọ ọjọ́ tí dókítà yóò ṣiṣẹ́ abẹ sí ojú náà, ńṣe ni ọwọ́ máa ń fẹ́ já gbogbo wáyà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mú un mọ́ra. Mo fi òwú tútù nu síídì rẹ, mo tún un fi sí i. Kò dáhùn. Mo fi síídì eré àwọn ọmọ sí i. Ìyẹn náà kò dáhùn, mo sì mọ̀ pé ẹ̀bi kò sí lára ohun tí o fi ránṣẹ́. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, mo tẹjú mọ́ ọn bó ṣe ń pe orúkọ. Ó dé ibi tó yẹ kó pe díráìfù, ó fò ó.

Ní Mọ́ńdè mo lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Ring Road, níbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé fún èèyàn, bóyá mo lè yá tiwọn lò. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ gba síídì lọ́wọ́ mi, ó wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, ó tún irùngbọ̀n ṣe. “Àǹtí, dígí ni èyí máa jẹ́ níbí o. Fílọ́pì onígun mẹ́rin yẹn la ní.” Mo fẹsẹ̀ rìn padà dé ibi tí mo ti rí mọ́tò, torí ìlà epo ti dí gbogbo ojú títì. Bí mo ṣe wọlé, Bàbá ti gbọ́ ìró bàtà mi. “Ṣé ó ti dé?”

Nọ́ọ̀sì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde báyìí. Mo dìde. Kì í ṣe tiwa ló bá wá.

Mo padà sórí ọ̀rọ̀ mi. Mo tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo inú rẹ̀ bí èlùbọ́, ọmọńlé sì ti yé ẹyin méjì sí igun kan. Mo tọ wáyà pẹlẹbẹ náà láti ẹ̀yìn díráìfù dé orí pátákó tó gbé gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wọlé ṣinṣin. Mo tẹ̀ wọ́n, wọn kò mì. Mo wá mú fílọ́pì tí ará Íńdíà yẹn fi sílẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń fi díráìfù han kọ̀ǹpútà, mo ní kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó dúró, ó sì kọ ọ́ sójú gíláàsì kọ̀ǹpútà pé òun kò rí káàdì ohùn, ìyẹn pátákó kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń pariwo.

Káàdì ohùn kẹ̀? Díráìfù ni mò ń wá, n kò bèèrè ohùn. Láti ìgbà Ramadan ni mo ti gbà pé a kàn rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí Bàbá ni. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo tún wo inú àpótí náà. Ìgbà yẹn ni mo rí i. Láàárín gbogbo eruku yẹn, ojú kan mọ́ tónítóní, ó gùn ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bí ibi tí wọ́n ti gbé férémù kúrò lára ògiri. Nǹkan kan ti wà níbẹ̀ rí. Ẹnìkan ló yọ ọ́.

Mo bi gbogbo ilé pé ta ló tú kọ̀ǹpútà yìí. Àwọn ọmọ wo ara wọn.

“Èmi ni,” Bàbá wí. Wọn kò dá tẹ̀sùbáà dúró. “Gbádérọ̀ ló tú u. Èmi ni mo rán an níṣẹ́.”

Gbádérọ̀ ni ọmọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní Àgbówó, ìwọ kò mọ̀ ọ́n. Nínú Ramadan, nígbà tí mo lọ ṣiṣẹ́ ní Zaria, àwọn ọmọ wọ̀nyí ń ṣe eré kan lórí kọ̀ǹpútà tí àkèré inú rẹ̀ máa ń pariwo bí wọ́n bá ti borí. Àsìkò tí Bàbá ń gbọ́ tàfúsíìrì, ìtumọ̀ Kùránì, lórí rédíò gan-an ni. Bàbá ní kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wọn á rẹ̀ ẹ́, wọn á tún gbé e sókè. Ni Bàbá bá pe Gbádérọ̀. Nígbà tí eré náà kò ṣiṣẹ́ mọ́, àwọn ọmọ rò pé ìjìyà wọn ni, wọ́n panu mọ́, kí n má baà mọ ohun tí wọ́n ń fi ààwẹ̀ ṣe.

“Mo ní kó yọ ohun tó fi ń sọ̀rọ̀ ni,” Bàbá sọ fún mi. “Mi ò ní kó fọwọ́ kan ojú rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ wọn mọ́gbọ́n dání. Àmọ́ díráìfù tó dàgbà bí tiwa kì í bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ tààrà. Ara káàdì ohùn ni wọ́n máa ń so ó mọ́, káàdì náà ló máa ń gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tí Gbádérọ̀ yọ káàdì, ẹnu wáyà pẹlẹbẹ kù nílẹ̀. Ọmọ tó mọ́ tónítóní ni, kò lè fi wáyà sílẹ̀ kó máa fì. Ó rí ihò kan lórí pátákó tí eyín rẹ̀ bá ti wáyà yẹn mu, ó sì kì í bọ̀ ọ́. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Ihò yẹn àti wáyà yẹn kàn jọ ara wọn ni, wọn kò sọ èdè kan náà. Èmi tí mo sì ti tẹ̀ ẹ́, tí kò mì, mo gbà pé ibẹ̀ ló ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo béèrè ibi tí káàdì náà wà. Bàbá fi ọwọ́ wá agolo bísíkíìtì kan lábẹ́ ibùsùn wọn. Wọ́n fi aṣọ ìnujú funfun dì í, ó wà pẹ̀lú àwọn awò ojú wọn àtijọ́. “Mi ò jù ú nù,” ni wọ́n wí, bí ẹni ń gbèjà ara rẹ̀ níwájú rẹ nílé ẹjọ́.

Mo dá a padà sí ojú tó mọ́ yẹn, mo so wáyà mọ́ ọn. Kí n tó tẹ bọ́tìnnì, iná lọ. Ọjọ́ Túsìdeè nìyẹn. Àná, iná kò yọjú rárá, ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ ládùúgbò kò rí epo rà. Mi ò lè jókòó. Mo gbá ilé tó ti mọ́. Bàbá kò bèèrè mọ́ bóyá ó ti dé, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Láàárọ̀ yìí, Àkànmú onítakisí tó fẹ́ gbé wa ti wà níta, Bàbá ti wẹ̀, wọ́n ti wọ bàtà. Iná dé. Mo ju báàgì sílẹ̀. Àkànmú ń fọn fèrè.

“Ẹ ní kó ṣe sùúrù,” Bàbá wí, wọ́n ti ń fọwọ́ wá àga wọn. “Ẹ ní àlejò dé.”

Kọ̀ǹpútà jí, ó ń pe orúkọ. Ó dé ibi tó máa ń fò. Kò fò ó mọ́. Díráìfù dáhùn, Ìdrís, lẹ́tà rẹ̀ yọ lójú gíláàsì. Mo ṣí àwòrán tí ọmọ ti kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa. Mo fẹ̀ ẹ́, mo tún fẹ̀ ẹ́. Bàbá gbé ojú wọn débi tí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń wò ó, torí ojú wọn kò lè gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: irun, iwájú orí, ìpéǹpéjú. Wọ́n sọ̀nà nù níbi ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n padà sí ibi irun, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò tọ́ wọn sọ́nà. Wọ́n dé ibi etí. Wọ́n dúró. Wọ́n na ìka, wọ́n sì fi lé orí ihò náà gan-an.

“Òun nìyí,” wọ́n wí jẹ́jẹ́. “Àbẹ̀ḿbí.”

Ìwọ kò sọ fún wa pé o gba ohùn ọmọ náà mọ́ àwòrán. Mo tẹ èyí tó kàn láìmọ̀, igbe kan sì bú jáde kúrò nínú ẹ̀rọ, Bàbá fò sẹ́yìn.

“Kí nìyẹn?”

“Òun ló ń ké, Bàbá.”

Wọ́n gbọ́ ọ parí, wọ́n yí etí sí i. “Ṣé ibi tí mo ní kí Gbádérọ̀ yọ ni èyí ti ń jáde?”

“Ibẹ̀ ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú tí dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí. “Ẹ jẹ́ kó tún ké.” A jẹ́ kó tún ké. Àkànmú fúnra rẹ̀ ti wọlé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ fìlà.

Bá mi kí Safiyyah púpọ̀. Kí Adéṣọlá, sọ fún un pé ẹrù rẹ̀ dé ibi tó yẹ kó dé. Fi ẹnu rẹ kan etí òsì ọmọ náà fún mi.

Mo ti fẹ́ fọwọ́ sí ìwé yìí nígbà tí wọ́n pè mí. Wọ́n ti gbé Bàbá jáde. Wọ́n fi báńdéèjì di ojú náà, wọn kò sì ní tú u báyìí. Dókítà ní iṣẹ́ lọ bó ṣe yẹ, pé ìgbà tí wọ́n bá tú u la tó lè mọ ohun tó kù. Mo tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, mo ní, “Bàbá, èmi Nàfísátù ni.” Wọ́n wá ọwọ́ mi, wọ́n dì í mú. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, ṣé iná wà nílé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò gbàgbé yín,

Nàfísátù Bùsàrí