Ọmọ Tí Wọ́n Bọ́ Títí Tí Eegun Rẹ̀ Fi Ń Ro Ó

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òpópónà Onírin,
                                        Kúrò ní Malu Road,
                                        Àpápá, Èkó.
                                        Ọjọ́ Kọkànlélógún, Oṣù Kẹfà, 2025.

Mọ́rílíátù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbọ́ pé òjò ò dáwọ́ dúró ní Ìsẹ́yìn; ẹ kú ọ̀rinrin. Ara tiwa náà le, à ń dúpẹ́, àmọ́ inú ń bí mi. Inú ń bí mi débi pé lánàá, ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta ọ́ìlì mọ́tò, ọ́ìlì gíà ni mo wọ̀n fún onítírélà tó ní ọ́ìlì bíréèkì lòun fẹ́ rà.

O rántí pé ọ̀dọ̀ Àǹtí Bílíkísù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ni Ràmlà ọmọ mi ń gbé ní GRA látìgbà tó ti wọ ilé-ìwé girama. Wọ́n ní kó kúrò nínú eruku wa, mo sì dúpẹ́. Èmi ò mọ̀ pé inú yàrá ni wọ́n máa tì í mọ́. Mọ́tò ń gbé e lọ, mọ́tò ń gbé e bọ̀. Tó bá dé, wọ́n á fa kọ́tìnnì, wọ́n á gbé bisikíìtì àti ẹlẹ́rìndòdò síwájú rẹ̀. Oòrùn ò gbọdọ̀ kàn án, wọ́n ní á dúdú.

O ṣáà mọ bí ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n fi síni lọ́wọ́ ṣe rí. Tó bá rù hangogo, wọ́n á ní ò ń febi pa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹnu ayé lẹbọ, òun ló mú kí Àǹtí máa rọ́ oúnjẹ sí i nínú. Nígbà tí wọ́n mú un wá fún Iléyá, ó ti sanra jọ̀kọ̀tọ̀. Gbogbo ilé ń kí Àǹtí kú ìtọ́jú. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ò lè gun àtẹ̀gùn wa láì dúró sinmi, ó ní eegun ẹsẹ̀ ń ro òun.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ Dókítà Onyinyechi, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n wojú mi, wọ́n ní, "Madam, dis pikin no dey see sun?" Ojú tì mí. Wọ́n ní fítámì D tó ń mú eegun le ti lọ sílẹ̀ gan-an lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ara oòrùn la ti ń rí èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n ní ọ̀rá tó pọ̀ lára tún máa ń fa díẹ̀ tó kù mọ́ra. Wọ́n kọ oògùn, wọ́n ní ká fi ẹja àti ẹyin kún oúnjẹ rẹ̀, ká dín nǹkan dídùn kù, kó sì máa rìn níta.

Mo pe Àǹtí. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ sọ fáráyé pé àwọn ò mọ ọmọ tọ́jú ni, pé ìlara ló ń dà mí láàmú. Èmi ni mo ń ṣe ìlara ọmọ tí mo bí o. Mùtíù ọkọ mi, tó ń pariwo mọ́ àwọn dírẹ́bà ní Wharf Road látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ò lè la ẹnu sí Àǹtí. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni, ká ṣe sùúrù. Ká ṣe sùúrù títí ẹsẹ̀ ọmọ á fi tẹ̀?

Mo lọ kó ẹrù rẹ̀. Àǹtí ní tí mo bá kó ẹrù náà jáde, kí n má tẹ ilé àwọn mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ oore, mo sì gbé báàgì ọmọ mi. Mùtíù ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ látìjẹta.

Láàárọ̀ yìí, mo ní kí Ràmlà wá jókòó tì mí níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ìta. Ó ní, "Màmá, ṣé wọn ò ní bá mi wí?" Mọ́rílíátù, ọmọ tí mo bí ń tọrọ àyè kó tó bọ́ sínú oòrùn.

Bá mi kí màmá, kí o sì kí Láwàlì ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ.

Èmi ni tìrẹ tọkàntọkàn,
Sàfíátù.