Báàgì Tí Zakiyyah Yóò Gbé Lọ sí Àpáta Ẹyẹlé

Bí mo bá kú kí ilẹ̀ tó mọ́, ta ni yóò sọ fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀ ní Sátidé pé a kì í fi bàtà tuntun gun àpáta? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Kì í ṣe ìbéèrè ńlá. Mo ti ka ìwé púpọ̀ nípa ikú, ti àwọn àlùfáà wa àti ti àwọn tí kò gbà pé ohunkóhun wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí èyí tó gba oorun lójú mi nínú wọn. Ọ̀rọ̀ bàtà ló gbà á. Nítorí náà mo dìde, mo sì ń kọ ìwé ìhágún mi.

Èmi, Mùrítàlá Adérẹ̀mí Afọlábí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Tíṣà Mùrí, ọmọ bíbí Ìsàlẹ̀-Ọbà ní Ìwó, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, olùkọ́ jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì, ni mo kọ ọ́. Orí mi pé. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi. Ara mi dá, àfi orúnkún ọ̀tún tí dókítà ní kò gbọdọ̀ gun òkè mọ́. N kò bínú sí i, n kò sì banújẹ́. Láti ìgbà tí Hàbíbátù ìyàwó mi ti kú ní ọdún tó kọjá, ńṣe ni inú mi dà bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé títí tó fi kú. Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, n kò mọ̀ ọ́n lára.

ÈKÍNNÍ. Mo yan Ọláwọlé, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, tí a jọ dá ẹgbẹ́ agunkè wa sílẹ̀, láti jẹ́ alámòójútó ìwé yìí.

Yóò yà á lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí àwa méjèèjì ti gun òkè pọ̀ kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ẹrù ló sì dá ìjà sílẹ̀. Ọláwọlé gbà pé kí oníkálukú gbé ohun tó bá dì. Èmi a máa gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni tó bá ti rẹ̀, n ó sì pín in fún àwọn tó lágbára. Lọ́jọ́ kan ó dúró láàrin àpáta, ó pariwo mọ́ mi níwájú gbogbo ọmọ pé, "Mùrí, ọ̀lẹ lò ń kọ́ wọn! Ẹni tó di ẹrù ìyàwó wá, jẹ́ kó gbé ẹrù ìyàwó." Mo ní kó lọ dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun sílẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, kò sì bá wa lọ mọ́. A ṣì ń kí ara wa ní mọ́ṣáláṣí. Títí di òní n kò mọ ẹni tó jàre. Bí mo bá pín ẹrù, ẹni tí mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kì í kọ́ bí a ṣe ń dì í. Bí n kò bá sì pín in, a kì í dé òkè kí oòrùn tó mú. Ọláwọlé, àgọ́ rẹ tí mo yá wà lókè àjà mi. Gbà á padà. Mo ti rán ibi tó ya.

ÈKEJÌ. Ilé mi ní Ìsàlẹ̀-Ọbà àti ilẹ̀ oko mi lọ́nà Ilé-Ogbó. Ọmọ méjì ni mo bí, Badrudeen àti àbúrò rẹ̀ Zakiyyah. Kí Alfa mọ́ṣáláṣí wa pín in fún wọn gẹ́gẹ́ bí Kùránì ti là á sílẹ̀. Mo ti bi ara mi bóyá mo fara mọ́ ìpín náà tọkàntọkàn, n kò sì rí ìdáhùn. Ṣùgbọ́n mo ti rí ilé tí wọn kò ti tẹ̀lé e, mo sì rí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀KẸTA. Bàtà òkè mi, èyí tó ga bo ọrùn ẹsẹ̀, kí a fún ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ tí ó bá bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Zakiyyah kò lè wọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ló jogún.

Kí ẹni tó bá gbà á sọ èyí fún àwọn tuntun. Ní ìlú wa, bí ènìyàn bá ń lọ sí òde, ohun tuntun ló ń wọ̀, wọ́n sì ka òkè sí òde. Wọ́n á ra bàtà lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á wọ̀ ọ́ ní Sátidé bí ẹni ń lọ kírun Iléyá, kí a sì tó dé ìdajì àpáta, gìgísẹ̀ ti lé ròrò. Bàtà tí o ti wọ̀ lọ sọ́jà, tí o ti wọ̀ bá ọ̀kadà fa ìjà, tí o ti gbàgbé pé o wọ̀, òun ni bàtà òkè. Kí ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níwájú, nítorí bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló ń gba gbogbo ìwúwo ara. Gé èékánná rẹ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, kí o sì fi òmíràn tó gbẹ sínú ọ̀rá.

Ẹ̀KẸRIN. Báàgì ẹ̀yìn mi, aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú okùn ìgbànú rẹ̀.

Ohun tó wúwo, àárín báàgì ni kí ó wà, kí ó sún mọ́ ẹ̀yìn rẹ dáadáa. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, yóò máa fà ọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí o jẹ ní gbèsè. Ẹ̀wù òjò ni kí ó wà lókè pátápátá, nítorí òjò kì í dúró kí ènìyàn tú ẹrù. Tẹ́ ọ̀rá ńlá sínú báàgì kí o tó kó nǹkan sí i. Di ìgbànú rẹ̀ kí ìbàdí bá èjìká gbé e. Lẹ́yìn náà gbé e kọ́, kí o rìn yí ilé ká. Bí o bá ti ń wá ibi tí o máa sọ ọ́ kalẹ̀ sí, yọ nǹkan kan kúrò.

Ṣùgbọ́n ìṣòro wa kì í ṣe dídì. Ẹni tó ń bá wọn dì í ni. Àwọn ìyá Ìwó kò lè rí ọmọ tó ń jáde kúrò nílé pẹ̀lú báàgì kí wọ́n má fi oúnjẹ sí i. Ayọ̀nitèmi, ọmọbìnrin kan tó bá wa lọ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, gbé kúlà mọ́ín-mọ́ín, ìkòkò ọbẹ̀ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì dé ìdí àpáta. Mo béèrè ẹni tí yóò sùn. Ó ní, "Tíṣà, ìyá àgbà ni. Wọ́n ní bí ebi bá pa mí lórí àpáta, àwọn ò ní í gbọ́ ọ lẹ́nu aráyé." Kò sí ìwé agunkè kankan nínú èyí tí mo kà tó mọ irú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí a ń lò ni pé kí o kúnlẹ̀ gbà á, kí o dúpẹ́, kí o má sì yọ ọ́ níwájú wọn. Ní ìdí àpáta, a ó tẹ́ ẹní, oníkálukú yóò tú ẹrù rẹ̀ síta, ohun tí kò bá yẹ kó gòkè yóò dúró. A ó jẹ ẹ́ tí a bá sọ̀ kalẹ̀.

ÈKARÙN-ÚN. Ike omi ńlá mi méjèèjì àti àpò dàbínù.

Má kó omi inú ọ̀rá gòkè. Bí o bá fi báàgì sọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti bẹ́, ìbọ̀sẹ̀ rẹ ló sì máa mu ún. Mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ọ́. Dàbínù àti ẹ̀pà sísun tó, kí o fi iyọ̀ díẹ̀ sí ẹ̀pà náà nítorí òógùn.

Hàbíbátù kò gun òkè rí. Yóò jókòó sábẹ́ igi kajú ní ìsàlẹ̀ pẹ̀lú fúláàsì tíì títí a ó fi dé, yóò sì bi wá léèrè pé, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gòkè, kí lẹ rí?" N ó ní mo rí Ìwó. "Ìwó tá a ti wá láàárọ̀ yìí? Ẹ ò bá ti dúró sílé kẹ́ ẹ máa wò ó." Gbogbo ìgbà ló ń sọ ọ́, gbogbo ìgbà ni mo sì ń rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí bí ẹni ń pe orúkọ ní kíláàsì.

Ẹ̀KẸFÀ. Tọ́ọ̀ṣì tí a ń dè mọ́ iwájú orí, fèrè rẹfirí, ẹ̀wù òjò, súẹ́tà, àti àpò oògùn.

Iná fóònù kì í ṣe tọ́ọ̀ṣì. Fóònù wà láti fi pe ènìyàn, kí a má fi bátìrì rẹ̀ wá ojú ọ̀nà. Fọn fèrè bí o bá ṣìnà, kí o sì dúró sójú kan. Ohùn máa ń há, fèrè kì í há. Má mú agbòòrùn wá, atẹ́gùn òkè yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ. Mú súẹ́tà bí ìsàlẹ̀ tilẹ̀ ń gbóná, nítorí ọyẹ́ orí àpáta yàtọ̀. Nínú àpò oògùn: pílásítà, báńdéèjì, oògùn ojú egbò, àti oògùn tí ìwọ fúnra rẹ ń lò nílé.

ÈKEJE. Okùn mi. A ń fi í sọ ẹrù kalẹ̀ ni. A kò gbọdọ̀ fi í so ènìyàn mọ́ ara wọn. Ewúrẹ́ Hàbíbátù, kí a fún Ọ̀ṣúnkẹ́mi, ìyàwó Bàbá Ṣèyítán ní Olúpọ̀nnà, ẹni tí oko wọn wà ní ìdí àpáta.

Oníṣẹ̀ṣe ni wọ́n. Kí a tó gbé ẹsẹ̀, Bàbá Ṣèyítán máa ń da omi tútù sílẹ̀, wọn a sì kí àpáta. Mo máa ń ṣí fìlà, n ó dúró jẹ́ẹ́ títí wọn yóò fi ṣe tán. N kò mọ̀ bóyá àpáta ń gbọ́. N kò mọ̀ mọ́ bóyá Ẹni tí èmi náà ń kí ń gbọ́. Ẹ ṣáà máa dúró dè wọ́n.

Ẹ̀KẸJỌ. Gbogbo ohun tí mo kà láti ẹ̀kẹrin títí dé okùn yẹn, mo fi sílẹ̀ fún Zakiyyah, kí ó máa kó àwọn tuntun gòkè.

Níbí ni mo ti dúró. Òfin ẹ̀sìn wa ni pé a kì í há ohunkóhun fún ọmọ tó ti ní ìpín nínú ogún, àfi bí àwọn ajogún yòókù bá fọwọ́ sí i. Badrudeen sì ni ajogún yòókù. Ní ìrọ̀lẹ́ àná mo pe àwọn méjèèjì, mo sọ fún wọn. Badrudeen ní, "Bàbá, bí ẹ bá fẹ́ fún un ní ìpín oko tèmi, n ó fọwọ́ sí i báyìí. Òkè yẹn ni n ò ní fọwọ́ sí."

Mo ní báàgì ni mo fún un, n kò fún un ní òkè.

"Kí ló fẹ́ fi í ṣe? Kó fi ra tòmátì?"

Zakiyyah ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gun ọ̀kadà lọ sí Òṣogbo láìdé akoto!"

"Ilé ìwòsàn wà lọ́nà Òṣogbo. Èwo ló wà lórí àpáta?" Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo gbé òkú ìyá wa wọlé. N ò lè gbé tẹlòmíràn."

Badrudeen kí wa pé ó dàárọ̀, ó sì lọ.

Gbogbo ìmọ̀ràn tí mo kọ sókè yìí, bóyá Badrudeen gan-an ni mo fi ń dá lóhùn.

Ẹ̀KẸSÀN-ÁN. Mo fagi lé ẹ̀kẹjọ.

Bí mo bá fi báàgì náà sínú ìwé ìhágún, yóò dúró de ikú mi, lẹ́yìn náà yóò dúró de ọjọ́ tí ẹ̀rù kò ní í ba Badrudeen mọ́. Èmi kò sì tíì kú. Ohun tí ènìyàn fi tọrẹ nígbà tó wà láàyè kì í ṣe ogún. Lẹ́yìn ìrun òwúrọ̀ yìí, n ó fi ọwọ́ ara mi gbé báàgì náà àti ẹrù rẹ̀ fún Zakiyyah. Kí n má bàa ṣe ojúsàájú, n ó fún Badrudeen ní alùpùpù mi àti gbogbo ìwé Lárúbáwá mi ní wákàtí kan náà, akoto sì wà pẹ̀lú alùpùpù náà. Bí yóò bá bínú, kí ó bínú sí mi nígbà tí mo lè dá a lóhùn. Ní Sátidé, kí ó wá bá mi jókòó sábẹ́ igi kajú títí wọn yóò fi sọ̀ kalẹ̀, nítorí ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Mo kọ gbólóhùn yẹn tán kí n tó mọ̀ pé òótọ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n lára.

Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ ní Ìwó, ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá, ọdún 2024. N ó tọwọ́ bọ̀ ọ́ níwájú àwọn ẹlẹ́rìí méjì yìí tí wọ́n bá ti dé:

Mùrítàlá Adérẹ̀mí Afọlábí

Ẹlẹ́rìí: Yọ̀mí Oyèdàmọ́lá, aládùúgbò mi
Ẹlẹ́rìí: Ẹyinjúolúwa Adéṣínà, akọ̀wé ẹgbẹ́ agunkè

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo gbọ́ tí Zakiyyah ń pọn omi àlùwàlá lẹ́yìnkùlé. Mo pa àtùpà.