Làálì Ọwọ́ Latifah Kò Ṣá

Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú wàhálà wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Nassarawa ní Minna níbí ni mò ń gbé.

Fìlà ni mò ń tà ní ọjà Kure. Obìnrin mẹ́rin ló ń bá mi fi abẹ́rẹ́ ṣọnà sí wọn, kálukú nílé ọkọ rẹ̀, nílùú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí n kò rí wọn, mo ní kí wọ́n máa fi fọ́tò iṣẹ́ ránṣẹ́ lójoojúmọ́, lẹ́yìn ìrun Àílà.

Ẹ jẹ́ ká pe ti Ìlọrin ní Latifah. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, láti Mọ́ńdè dé Sátidé, fọ́tò rẹ̀ ń wọlé, ọnà ń kún díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo fọ́tò náà, làálì ọwọ́ rẹ̀ ṣì pupa fòò bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Haba! Ọwọ́ tó ń fọ abọ́, tó ń ṣe àlùwàlá?

Mo pè é. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú. Túsìdeè ni mo ti parí ẹ̀, mò ń ya fọ́tò bí mo ṣe ń ṣe é, òun ni mo wá ń fi ránṣẹ́ sí yín níkọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Tí mo bá sọ fún yín nígbà yẹn, ẹ ó ní mo kánjú, ẹ ó ní kí n tú u."

Òótọ́ ni. Mo ti ṣe é bẹ́ẹ̀ rí.

Fìlà náà dé, n kò rí àléébù kankan lára rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi jókòó ti iṣẹ́ tó ti parí, èmi sì ń dá oníbàárà padà lọ́jà.

Inú ò bí mi o, ó kàn ń yà mí lẹ́nu ni. Ẹ bá mi bi àwọn olùgbọ́: kí ló yẹ kéèyàn máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tí kò rí? Èmi tí mo rò pé mò ń mú kí iṣẹ́ yá, ṣé kì í ṣe èmi gan-an ni mò ń dá a dúró?

Èmi ni,
Àǹtí Onífọ́tò.