Orúkọ Rokibat Lókè Ilẹ̀kùn

Yẹmí, àbúrò mi, ọdún márùn-ún pé lónìí tí o ti fi wá sílẹ̀. Inú ilé òkúta rẹ ní Táńkẹ̀ ni a ti ṣe ìrántí náà. Òjò rọ̀ láti àárọ̀, ilé náà kò sì jò. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn fún ọ, nítorí mo mọ̀ pé òun ni ìwọ ìbá kọ́kọ́ béèrè.

Ọdún márùn-ún! O kò ná náírà rí. Pọ́n-ùn àti ṣílè lo ná títí o fi lọ. Wọ́n ti sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, kíláàsì tí èmi Ìyábọ̀dé ẹ̀gbọ́n rẹ ń kọ́ sì kún débi pé àwọn ọmọ kan ń jókòó sílẹ̀. Wọ́n ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ìlọrin. Ilẹ̀ Táńkẹ̀ tí wọ́n ń pè ní igbó nígbà tí o rà á, wọ́n ti ń du ú báyìí. Fọlákẹ́ ọmọ rẹ ti wọ ilé-ìwé girama, ó sì ti ga jù mí lọ. Olúṣọlá, tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí o lọ, ti ń kàwé, ó sì ń jiyàn bíi tìrẹ. Rokibat ìyàwó rẹ kò ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Challenge pa. Ó ti ní àwọn ọmọ iṣẹ́, àwọn ìyàwó ọ̀gá ìjọba sì ń tò síwájú rẹ̀ tí ọdún bá ti ń bọ̀.

Àwọn tó ń kọjá ṣì ń béèrè ìdí tí ilé yìí fi jẹ́ òkúta nígbà tí gbogbo ayé ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé. A máa ń ní kí wọ́n lọ béèrè ní Fábúrúnù.

Fábúrúnù! Abúlé kékeré ilẹ̀ Faransé tí wọ́n rán ọ lọ, kí èdè tí o fẹ́ máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè yọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu. Ọdún kan péré lo lò níbẹ̀, títí o fi kú lo sì ń ròyìn rẹ̀. Etí wa kún. N kò débẹ̀ rí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá já mi sílẹ̀ níbẹ̀ lónìí, n kò ní béèrè ọ̀nà. Odò kan tí kò fẹ̀ tó odò Asà ló gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Òkè kan wà lẹ́yìn rẹ̀: àjàrà ni wọ́n gbìn sí ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń pa, àgùntàn ló ń jẹ ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìsun omi kan ń tú jáde lábẹ́ àpáta nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń ṣàn gba inú agbada òkúta mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́, ènìyàn ló ń mu ún. Ìkejì jẹ́ ti ẹran ọ̀sìn. Ìkẹta ni wọ́n fi òrùlé bò fún àwọn obìnrin tó ń fọṣọ, ẹni tó bá sì fọ aṣọ ní ti òkè, ó dáràn! Ààrò búrẹ́dì kan ṣoṣo ni gbogbo abúlé ń lò, ìdílé kọ̀ọ̀kan a sì fa àmì tirẹ̀ sára búrẹ́dì kó tó wọná. Mo máa ń bi ọ́ pé ṣé kò sí ohun mìíràn tí wọ́n rán ọ ní Faransé ni.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà ní Fábúrúnù tí o kì í fi ṣe ẹ̀fẹ̀. O ní lókè ilẹ̀kùn ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n a gbé òkúta gígùn kan dábùú, wọ́n a sì gbẹ́ ọdún tí wọ́n kọ́lé sí i lára, pẹ̀lú orúkọ ọkọ àti ìyàwó tó kọ́ ọ. Opó ni ìyá arúgbó tí o bá gbé, Mádáàmù Klemáǹsì. Ogun ti pa ọkọ rẹ̀ tipẹ́. Orúkọ ìyá náà wà lókè ilẹ̀kùn níbẹ̀, o sì ní kò sí ẹbí ọkọ kan tó wá bi í pé kí ló ṣì ń ṣe nínú ilé.

N kò bi ọ́ ìdí tí o fi máa ń tún ìyẹn sọ. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi àti ìwọ la jọ dúró lágbàlá ní Ọ̀mù-Àrán lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá wa, tí à ń wo ìyá wa bó ti ń ká ẹní rẹ̀. Àbúrò Bàbá wa, Bàbá Olúdáre, ló gba ilé. Kò bú ìyá wa, kò lù ú. Ó kàn ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìdáná yóò tó o. Obìnrin tó ru omi tí wọ́n fi po amọ̀ ilé náà! Yàrá yẹn ló kú sí. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé wọ́n ṣe ohun tó burú, nítorí bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn.

Bí o ṣe ra ilẹ̀ Táńkẹ̀ nìyẹn, tí o ní kí lọ́rì máa kó òkúta wá láti apá òkè Ṣóbi. Mọ̀múdù bíríkìlà ní ìpìlẹ̀ nìkan lòun ń fi òkúta ṣe, o sì dúró tì í títí ó fi mọ̀ ọ́n. Òun náà ló gbẹ́ òkúta ẹnu ọ̀nà: OLÚYẸMÍ, ROKIBAT, 1971. Ògiri ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ojú fèrèsé ni ibà dá ọ dùbúlẹ̀. O kò dìde mọ́. Òkúta náà wà nílẹ̀ nínú àgbàlá, a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó.

A kò tíì bọ́ aṣọ dúdú tí Bàbá Olúdáre fi dé láti Ọ̀mù-Àrán. Ó wo ògiri yíká. Ó ní Olúdáre ọmọ òun tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba níbí kò rí ilé gbé, òun yóò sì bá a parí èyí. Orí òkúta yẹn ló jókòó sí tó ti ń sọ ọ́. Rokibat kúnlẹ̀, ó gbé omi fún un.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dìde, kí n fi ohun tí ẹ jókòó lé hàn yín.”

Ó kà á, ojú rẹ̀ yí padà. “Ta ló ń kọ orúkọ ìyàwó sára ilé? Ọkọ ló ń kọ́lé!”

Ìjà yẹn pẹ́, n kò ní ro gbogbo rẹ̀ fún ọ. Ìpàdé ẹbí lóríṣiríṣi. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ní kí Rokibat ṣì máa kọ́ ọ lọ ná, àwọn yóò máa wò ó. Ní ti òkúta, kí ó lọ sókè, ṣùgbọ́n kí ojú rẹ̀ kọ sínú ilé, kí àwọn ará ìlú wa tó bá ń kọjá má baà fi ẹbí ṣe yẹ̀yẹ́. Mọ̀múdù fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

“Hàbá, Àǹtí Tíṣà! Ẹ̀yìn òkúta la fẹ́ kọ síta?”

Ó gbé e sókè bẹ́ẹ̀ ṣá. Rokibat ránṣọ, ó kọ́lé. Ọdún tí ọkọ̀ òkun tó kó sìmẹ́ńtì kún Èkó tí a kò sì rí i rà ní Ìlọrin, ó dúró. Ọdún kejì, ó kan páànù. Títí di àárọ̀ yìí, inú “máa kọ́ ọ lọ ná” yẹn ló ń gbé.

Lónìí, lẹ́yìn àdúrà, òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ. Àga àwọn àgbà ni a kọjú sí ẹnu ọ̀nà, bó ti yẹ, Bàbá Olúdáre sì wà láàárín. Ó ti darúgbó, Yẹmí, ó ti ń lo awò ojú. Kò sí ohun mìíràn níwájú rẹ̀ tó lè máa wò ju òkúta náà lọ. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì, tó ń kà á díẹ̀díẹ̀ bí àwọn ọmọ kíláàsì mi. Ó kà á tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. Òjò kò dá.

Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Mọ̀múdù. “Bíríkìlà, ṣé òkúta yìí ṣe é yí?”

“Ó ṣe é yí, Bàbá.”

“Yí i síta. Ilé ìyàwó wa ni.”

Rokibat gbé àwo ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ ṣé, Bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Inú ilé lèmi ń gbé. Ẹ̀yin náà, ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá ti wá kí wa, ẹ ó máa rí i.”

Èmi kò lè gbé ojú sókè. Bàbá Olúdáre mi orí, ó ní ó dáa. Nígbà tí òjò dá, abẹ́ orúkọ yín méjèèjì ni ó gbà jáde.

Yẹmí, n kò lọ́rọ̀ dídùn lẹ́nu bíi tìrẹ. Àárò rẹ ń sọ mí. Mo fẹ́ràn rẹ, mo sì fẹ́ kí ẹnìkan tún wá fi Fábúrúnù dí mi létí. Bí o bá rí ìyá wa níbẹ̀, sọ fún un pé Rokibat kò ká ẹní rẹ̀.